Ohun Tó Wà Láàárín Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí ẹ bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá àga jókòó. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé wa ní Okpomèta nìyẹn. Àgbẹ̀ alágbàdo ni Ògúndìran bàbá mi, kò sì sí ohun tó ń bí wọn nínú tó ọmọ tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Bí ọ̀kan nínú wa bá sáré fèsì, wọ́n á ní, "Ta ló ń lé ọ bọ̀?" Ẹni náà á dákẹ́, á tún ìbéèrè náà rò, kó tó wá dáhùn. Lójú tiwọn, ẹni tó bá fèsì kíá kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n bi í.

Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé, òun náà ló sì kó bá mi.

Tàǹtí Agathe, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló ṣe alárinà wa. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Kétu, ìlú tó sún mọ́ abúlé wa lápá ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ọ̀dọ̀ wọn sì ni Ìyá Ṣeun ti ń ṣe irun. Ṣakí lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà ni wọ́n bí Ìyá Ṣeun sí. Àwọn àti ọkọ wọn kó wá sí Kétu láti máa ta abọ́ àti ike, wọn ò sì padà mọ́. Kétu ni wọ́n bí Ṣeun sí. Ó kàwé kàwé títí ó fi di olùkọ́ ní yunifásítì ní Kùtọ̀nú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ènìyàn tí a fi ń pe ẹnì kan ní ọlọ́gbọ́n, tí a sì ń pe ẹlòmíràn ní òpè. Èmi ní tèmi, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ ní lékóòlù, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Okpomèta.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó wá mú ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mò ń bá Tàǹtí di irun mú. Ó wò mí, ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí orí rẹ̀ pé nínú wọn?"

Mo ronú. Ìyá rẹ̀ wò mí nínú dígí. Tàǹtí wúkọ́. Mo ṣì ń ronú. Nígbà tó yá, mo ní, "Mi ò tíì rí èyí tí orí tirẹ̀ kò pé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ẹ̀rín náà, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní omi tútù nínú oòrùn. Nígbà tí mo padà dé Okpomèta ní ìrọ̀lẹ́, mo se ìrẹsì, mo sì gbàgbé iyọ̀.

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iyàn jíjà ló sì ń bọ́ ọ. Bí ó bá ti dé láti Kùtọ̀nú ní ọjọ́ Ẹtì, á gun ọ̀kadà wá bá mi, a ó jókòó sábẹ́ igi tíìkì lẹ́yìn lékóòlù. Á ní ọgbọ́n kò ní ju ìdí kan ṣoṣo lọ.

"Bí ọpọlọ ṣe yá sí ni, Ṣaléwá. Bí o ṣe tètè gba ohun tí o rí wọlé, tí o sì tètè ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ìṣirò ni o, ìwé kíkà ni o, òwò ni o, ẹ̀ka ni gbogbo wọn. Ìdí kan náà ni."

Èmi á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi tó ń ṣírò bí ẹni ń mu omi, ṣùgbọ́n bó o bá ní kó sọ ìtàn àná fún ọ, kò ní rántí ohun kan. Mo ní òmíràn tó jẹ́ pé ṣe ni mò ń wọ́ ọ lọ sídìí ìṣirò bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sódò, síbẹ̀ bí inú mi bá bàjẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀. "Èwo ló gbọ́n nínú àwọn méjèèjì?" mo bi í.

"Ìwọ ni," ó ní, "torí ìwọ lo rí i."

Ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ obì lápò, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo obì tó wà lápò mi ni mo yọ fún Ṣeun. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Abà bàbá mi jìnnà sí lékóòlù, èmi nìkan ni mò ń dá gbé nínú yàrá olùkọ́ tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko òwú. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tí mo lè bá jiyàn, àfi àwọn ọmọ tí ń dá "bẹ́ẹ̀ ni, màdámù" lóhùn sí ohun gbogbo. Tí wọ́n bá ti lọ ilé tán, ilẹ̀ á pa lọ́lọ́, n ó máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ara mi. Etí mi kì í kúrò lójú ọ̀nà. Mo dá ìró ọ̀kadà tó ń gbé e bọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó kàn ń gbé àgbàdo kọjá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di ti ìgbéyàwó, bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀. "Àwọn ará Nàìjíríà yìí, bí nǹkan ò bá rọgbọ, wọ́n á di ẹrù wọn. Bí wọ́n bá gbé ọmọ mi sọdá bodè, ọ̀dọ̀ ta ni n ó ti lọ béèrè rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," Tàǹtí Agathe ní, "kí wọ́n tó bí ọmọ yìí ni wọ́n ti ń gbé Kétu. Àjèjì wo ló tún kù nínú wọn?" Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn kí bàbá tó gbà.

Ti Ìyá Ṣeun ló le. Ìgbà tí Tàǹtí ń di irun fún wọn ni wọ́n sọ̀rọ̀ jáde. "Ọmọ náà mọ́, ó sì níwà. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ò yá. Bi í ní nǹkan, kó o lọ wẹ̀, kó o padà, kò ní tíì dáhùn. Àwa tí à ń tajà, bí ẹni tó jókòó ti ọjà ò bá tètè fọhùn, oníbàárà á ti lọ. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa bí fún mi?"

Tàǹtí jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n ní ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ ń jẹ́, kí n má fi ṣe nǹkan kan. Mo fi ṣe nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, Ṣeun mú mi lọ kí ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà lójú ìloro. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Ṣeun gbé ife méjì síwájú mi, pupa kan, funfun kan.

"Jẹ́ ká ṣeré," ó ní. "Bí mo bá fọwọ́ kan pupa, sọ pé àgbàdo. Bí mo bá fọwọ́ kan funfun, sọ pé ẹ̀gẹ́."

"Kí leléyìí? Ṣé o fẹ́ wọ kíláàsì mi ni?"

"Ṣáà jẹ́ ká ṣe é."

Pòtábù rẹ̀, fóònù tó máa ń mú kiri, wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà lọ sí pupa, ó lọ sí funfun, ó tún padà sí pupa. Mò ń dáhùn. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò fọhùn, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ wò wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàdúrà kí eré ọ̀hún má tètè parí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tàǹtí mú ìròyìn wá pé Ìyá Ṣeun ti gbà. Ṣeun ti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe orí mi. Wọ́n ní àwọn ìdílé méjèèjì ti ṣe ìwádìí ara wọn, kò sí ẹ̀gbin níbì kankan. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Mo kó aṣọ fún télọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé nígbà tí wọ́n pe Ṣeun sí ìjíròrò kan ní ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Kétu, òun àti ọ̀mọ̀wé obìnrin kan tó ń jẹ́ Prudence, láti Kùtọ̀nú bákan náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ jiyàn lé lórí ni pé kí ló ń ṣiṣẹ́ nínú orí ẹni tó gbọ́n. Faransé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n bọ́ sí Nàgó, Yorùbá tiwa, kí gbogbo ènìyàn lè gbádùn rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa bo bàtà gbogbo wa. Èmi àti Tàǹtí jókòó síwájú dáadáa. Ọkọ mi lọ́la ló fẹ́ sọ̀rọ̀, ìlékè wo ni mi ò ní fi sọ́rùn?

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ìdí kan, ẹ̀ka púpọ̀. Bí ọpọlọ ṣe yá sí ni ọgbọ́n ṣe pọ̀ sí. Àwọn èèyàn ń mi orí. Prudence wá dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ fi aago wọn àkókò tó wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn. Ó dáa. Kí ló wà nínú àkókò náà? Ẹni yẹn ń wo ohun tí ẹ fi hàn án. Ó ń rántí òfin tí ẹ fún un. Ó ń dá ìdáhùn tí kò tọ́ dúró kó má bàa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún ń ro ojú tí ẹ ó fi wo òun. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo ìyẹn, ẹ wá fi aago kan wọn gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, tí onílé kò tètè ṣí i, ṣé ẹ lè dúró níta kí ẹ sọ pé arọ ni? Bóyá ó ń wẹ̀. Bóyá ó ń gbàdúrà."

Àtẹ́wọ́ sọ. Mo rí i pé ó dun Ṣeun. Kò fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín nílùú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ tó wà nítòsí," ó ní. "Olùkọ́ obìnrin kan wà ní abúlé kan níhìn-ín. Ó kàwé, ó gbọ́ Faransé. Mo fi ife méjì bá a ṣeré, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, pòtábù mi sì ń ka àkókò. Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi tí wọn ò wọ lékóòlù rí ṣe é, wọ́n yá jù ú lọ dáadáa! Ẹ̀kọ́ ìwé kò lè bo ìdí mọ́lẹ̀."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Tàǹtí Agathe rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n gbá mi léjìká pé kí n bá wọn rẹ́rìn-ín sí olùkọ́ ọ̀hún. Mo yọ èjìká mi kúrò lábẹ́ ọwọ́ wọn.

"Ǹjẹ́ ẹ bi í pé kí ló ń rò?" Prudence ní.

"Ohun tó ń rò kò sí nínú ìwọ̀n," Ṣeun dá a lóhùn.

Níwọ̀n ìgbà tí òun kò bi mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin. Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, n kò fẹ́ máa pariwo àgbàdo, ẹ̀gẹ́ lójú àgbà bí ẹni ń polówó. Ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an. Mo mọ̀ pé bí eré náà bá ti parí, ó máa lọ wọ mọ́tò Kùtọ̀nú, èmi náà á sì padà sí yàrá mi. Bí mo bá dáhùn, ẹ̀rín díẹ̀ a máa yọ ní igun ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín yẹn ni mò ń dúró wò kí n tó wo ọwọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ló kún àárín ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn dẹ́nu, òun ni Ṣeun sì fi aago wọ̀n, tó pè é ní ìwà òpè.

Nígbà tí wọ́n túká, ó wá bá mi lẹ́yìn ilé náà, ó ń yọ̀. "Ṣé ó dùn?"

"Ta ni olùkọ́ yẹn?" mo bi í.

 Ó pẹ́ gan-an kó tó fọhùn. Èmi ò fi aago wọ̀n ọ́n.

"Màmá ló ní kí n yẹ̀ ọ́ wò," ó ní. "Mo rò pé wàá yege, kí n lè fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, mo purọ́ fún wọn. Nítorí rẹ ni mo ṣe purọ́, Ṣaléwá. Bí orí rẹ kò tiẹ̀ yá, èmi fẹ́ràn rẹ bẹ́ẹ̀ náà."

Bẹ́ẹ̀ náà! Mo lè gbé gbogbo ìyókù mì: eré, irọ́, ẹ̀rín àwọn èèyàn. "Bẹ́ẹ̀ náà" yẹn há mi lọ́fun. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo wá ọ̀kadà, mo lọ.

Tàǹtí tọ̀ mí wá sí abà bàbá mi ní Okpomèta. Nígbà tí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n bẹ̀ mí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alárinà wọn. "Ìwádìí ni, Ọmọ́ṣaléwá. Ta ni wọn kì í wádìí nídìí ìyàwó? Àwa náà rán èèyàn lọ sí Ṣakí láti béèrè bóyá wèrè wà nínú ìran wọn. Ṣé wọ́n bínú?"

"Ẹlòmíràn la rán, Tàǹtí. Ẹni tó ń fẹ́ ni kì í fi ẹ̀rín wádìí ẹni."

"Ọkọ rere ṣọ̀wọ́n o. Ọjọ́ orí rẹ ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Kí wá ni kí n sọ fún wọn? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Bàbá mi tó ti ń gbọ́ wa láti ìgbà yìí gbójú sókè. "Ta ló ń lé e bọ̀?" ni wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kó rò ó."

Mo rò ó. Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ kọjá, aṣọ mi ń bẹ lọ́dọ̀ télọ̀. Ṣeun ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí pòtábù mi, ó ń bẹ̀ mí. Mo máa tẹ ìdáhùn, mo máa pa á rẹ́, mo máa tún un tẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni Ṣeun kò ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Ohun tí mo tẹ̀ gbẹ̀yìn kò kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dá gbé rí, ẹ kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan lè fi ojú ẹni rí nínú yàrá òfìfo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá òótọ́ ni. Ṣé mo lọ́ra ni? Ṣé orí mi kò pé, tí wọ́n sì ń fi àánú bò ó fún mi láti kékeré? Mo wá ń sáré fèsì lọ́jà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọkúsọ ń bọ́ lẹ́nu mi, àwọn èèyàn ń wò mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé ife méjì sórí tábìlì, mo ń fọwọ́ kàn wọ́n fúnra mi, mo ń pè é: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́, àgbàdo. Mo yá. Mo yá bí ìkán tó rí òjò. Kò kúkú sí ojú ẹnikẹ́ni níwájú mi tí mo lè máa wò. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún títí.

Ọdún gun orí ọdún. Àwọn tó wá fẹ́ mi wá, wọ́n lọ. Ìyá Ṣeun padà sí Ṣakí lọ gbé ọjọ́ ogbó wọn, bàbá mi sì ní ó dáa, ṣé àwọn sọ ọ́ àbí àwọn kò sọ ọ́. Mo gbọ́ pé Ṣeun kò tíì gbéyàwó. Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbọ́ ìró ọ̀kadà kan lójú ọ̀nà, ọkàn mi sì mọ̀ ọ́n kí n tó gbójú sókè. Ewú ti yọ lórí rẹ̀ díẹ̀. Mo gbé àga fún un, mo bu omi fún un, ó mu ún.

"Mo ti fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. "Prudence ló jàre. Ọgbọ́n kò ní ìdí kan ṣoṣo, iṣẹ́ inú orí pọ̀. Èmi àti òun la jọ ń ṣe é báyìí." Ó sún mọ́ iwájú àga. "Mo padà lọ wo eré tìẹ, Ṣaléwá. O ò ṣi ẹyọ kan! Màmá ṣì. Èmi alára ṣe é, mo ṣì. Ìwọ nìkan ni kò ṣì rárá. Lórí ìwọ̀n tuntun tí à ń lò, òkè téńté lo wà."

Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá láti ọ̀nà jíjìn. Mo wò ó. Òṣùwọ̀n ló pààrọ̀, kò tíì sọ̀ mí kalẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín ọjọ́sí yẹn yọ ní igun ẹnu rẹ̀, tìtìjú tìtìjú. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "N kò rí ẹlòmíràn bá jiyàn. Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?"

Mo gbọ́ ìbéèrè náà. Mo gbé e, mo rò ó. Mo ro igi tíìkì lẹ́yìn lékóòlù. Mo ro ilé àwọn ọ̀dọ́, àti ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín. Mo ro "bẹ́ẹ̀ náà", mo tún un gbé wò, ó ṣì dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́lẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Mo ro pé ẹni tó wá láti Kùtọ̀nú wá sọ fún mi pé òun ṣi nǹkan, ọ̀nà tó rìn kò kéré. Mo ń dárí jì í, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibi tó ń dùn mí pọ̀, mo sì ní láti dé gbogbo rẹ̀. Mo dé ibi tó gbẹ̀yìn. Ọkàn mi fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti gùnlẹ̀ sórí ahọ́n mi.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ lọ sí aago ọwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀, ó tètè gbé e kúrò. N kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun wò ó.

"Ó ti yé mi," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti ń dìde. "Má wulẹ̀ dáhùn. Mi ò bínú sí ọ. O dára, Ṣaléwá, o dára gan-an ni." Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó jáde sínú oòrùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Àga ló gbọ́. Níta, ọ̀kadà ti ń dún. Mo lè sáré tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ mi kò rọ, ọ̀nà kò sì jìn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé mi ni wọ́n ti ń bi mí pé ta ló ń lé mi bọ̀, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sáré sínú ìdáhùn tí ẹnì kan kò lè dúró gbà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìró ọ̀kadà náà fi dà pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń gbé àgbàdo kọjá, tí n kò sì dá a mọ̀ yàtọ̀ mọ́.